Ìṣísẹ̀ Méje, Aago Méjì

                                                  Ilé Káfíńtà,
                                                  Ẹ̀yìn Ilé Ìfìwéránṣẹ́.
                                                  Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹta.

Bíírò, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni gbogbo yín wà? Ọrùn ẹsẹ̀ tó rọ́ níjọ́sí ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí o gun àtẹ̀gùn kíláàsì rẹ láìdi ògiri mú? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ikọ́ yẹn ti fi wọ́n lọ́rùn sílẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́, pàápàá àbíkẹ́yìn tó máa ń fi ìwé sábẹ́ ìrọ̀rí kí ó má baà kà á? Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú ara yín, ẹ sì kú ojú lọ́nà lẹ́tà mi. Mo mọ̀ pé o ti ń fajú ro. Ó lé ní oṣù kan tí o ti kọ̀wé sí mi, tí o tún fi bébà tí o ya róbótó sí pẹ̀lú rẹ̀, tí mi ò dá ọ lóhùn. Má bínú, jàre. Kì í ṣe pé mo gbàgbé rẹ, ọ̀rọ̀ ló wọ̀ mí lọ́rùn.

O bi mí nínú lẹ́tà rẹ pé ṣé pólà náà, ìṣirò ẹ̀rọ tuntun ọ́fíìsì wa, ti yé mi. Ó ti yé mi. Ó yé mi débi pé ká ní ẹnì kan lè gbà á padà lọ́wọ́ mi, ǹ bá kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ kó gbà á. Fara balẹ̀ kí n rò ó fún ọ, nítorí mo fẹ́ tọrọ nǹkan lọ́wọ́ rẹ, àti pé awakọ̀ ọ́fíìsì wa tó gbé lẹ́tà yìí wá máa dúró gba èsì.

O mọ iṣẹ́ mi. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń di orí téèpù mú fún àwọn awọnlẹ̀, tí wọ́n bá pe iye, èmi á kọ ọ́ sínú ìwé. Kò gba làákàyè kankan. Lọ́dún tó kọjá ni Ọ̀gá wá ra ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan. Ẹ̀rọ náà ò gbọ́ èdè tí gbogbo wa ń sọ, pé lọ sọ́tùn-ún mítà mẹ́wàá, kí o wá lọ síwájú mítà márùn-ún. Ohun méjì péré ló mọ̀: báwo ni ibẹ̀ ṣe jìnnà sí ibi tí mo dúró, àti báwo ni kí n ṣe yíjú tó kí n tó kọjú sí i. Ọ̀gá ní ká lọ kọ́ ọ, pé wọ́n máa dán wa wò. Orúkọ rẹ̀ nìkan, pólà kọ́ọ̀dínéètì, tó lé èèyàn wọgbó. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dán wa wò, ìbéèrè ní ká wọn ibì kan láti ìdí òpó. Èmi ọmọ Káfíńtà, mo bọ́ síta, mo lọ fi téèpù kọ́ òpó iná tó wà lẹ́nu géètì. Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú Ọ̀gá. Òdo ni mo gbà. Títí di bí mo ṣe ń bá ọ sọ̀rọ̀ yìí, Òpó-Iná ni wọ́n ń pè mí lọ́fíìsì.

Ìgbà yẹn ni mo kọ̀wé sí ọ, tí o fèsì pé òpó tí ìṣirò ń wí kì í ṣe igi, kì í ṣe irin, ibi tí èèyàn bá ti yàn pé òun dúró ni. O ní látibẹ̀, ìlà kan gbọ́dọ̀ wà tí à ń kọjú sí, tí kì í yẹ̀, kí á tó lè mọ iye tí a fi yí sọ́tùn-ún tàbí sósì. O ya àmì igun fún mi, èyí tó dà bí ẹyin tí wọ́n so okùn mọ́ láàrin. Mo kà á, mo tún un kà. Ọ̀rẹ́ mi, kò wọlé. Mo mọ ẹyin olókùn yẹn lójú, ṣùgbọ́n mi ò mọ ohun tó wá ṣe nílé ayé.

Bàbá mi ló fi yé mi. O mọ̀ pé ojú wọn ti lọ pátápátá láti bí ọdún kan. Dókítà ojú ní ọwọ́ òun ò ká a mọ́. Káfíńtà tó jẹ́ pé bí pákó bá fi ìdajì ìka wọ́, wọ́n á ti rí i láti ìloro, àwọn ló wá ń fi ọwọ́ wá ife tíì lórí tábìlì. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wá, ó ní Bàbá ò lè máa dá wà nílé látàárọ̀ dìrọ̀lẹ́ nígbà tí mo bá wà níbi iṣẹ́, òun máa kó wọn lọ sí ilé òun, àjà kẹta, níbi tí ìyàwó òun á ti máa mú wọn lọ́wọ́ láti bẹ́ẹ̀dì dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀. (Ẹ̀gbọ́n ju mí lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n a ti jọ jà lórí súgà púpọ̀ ju kí n máa pè é ní wọn.) Bàbá ní àwọn ò lọ sí ilé tí àwọn ò mọ ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Wọ́n fà á títí, wọ́n wá bọ ara wọn lọ́wọ́ lé e: oṣù kan gbáko. Tí Bàbá bá lo oṣù kan nínú ilé yìí láìsí pé nǹkan kan ṣe wọ́n, ẹnikẹ́ni ò ní dárúkọ àjà kẹta mọ́. Tí nǹkan kan bá ṣe wọ́n, wọ́n máa lọ, kò sí àríyànjiyàn. Bàbá gbà. Ìwọ náà mọ̀ wọ́n, tí wọ́n bá ti gba ọ̀rọ̀, ó di ìṣó tí wọ́n ti gbá wọlé.

Inú oṣù yẹn ni mo wá ṣàkíyèsí ọgbọ́n tí wọ́n ń dá. Ṣé o rántí àga onígi tó wà láàrin pálọ̀, tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kàn kí wọ́n tó bí mi? Ibẹ̀ ni gbogbo ilé ti bẹ̀rẹ̀ lójú wọn. Wọ́n ní kí n gbé rédíò ka orí kọ́bọ́ọ̀dù tó wà níwájú àga náà gan-an, pé rédíò ni aago méjìlá. Láti orí àga, gbogbo nǹkan ní iye ìṣísẹ̀ àti aago tirẹ̀. Omi mímu: ìṣísẹ̀ mẹ́rin, aago mẹ́wàá. Tábìlì oúnjẹ: ìṣísẹ̀ mẹ́ta, aago mẹ́sàn-án. Ilẹ̀kùn yàrá wọn: ìṣísẹ̀ méje, aago méjì. Tí wọ́n bá mu omi tán, tí wọ́n sì fẹ́ wọ yàrá, wọn ò ní gba ibi omi lọ sí yàrá. Wọ́n á kọ́kọ́ padà sórí àga, wọ́n á jókòó, wọ́n á gbọ́ ibi tí rédíò ti ń sọ̀rọ̀, wọ́n á wá tún dìde. Mo ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀ pé wọ́n ń rin ìrìn ọlọ́nà jíjìn nínú pálọ̀ kékeré. Wọ́n ní ọ̀nà tó bá ti orí àga wá nìkan ni àwọn mọ̀, àti pé ẹni tó mọ ọ̀nà kan dáadáa sàn ju ẹni tó mọ mẹ́wàá fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ lọ.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ni mo jókòó tì wọ́n, tí mo ń ka bébà rẹ síta, tí mo ń pòṣé lórí gbogbo ìlà. Wọ́n ní kí ló dé. Mo ṣàlàyé. Wọ́n ní ṣebí ohun tí àwọn ń ṣe látàárọ̀ nìyẹn. Wọ́n ní àga àwọn ni òpó mi, rédíò ni ìlà tí kì í yẹ̀, ìṣísẹ̀ ni ìjìnnà, aago ni ẹyin olókùn. Bíírò, àfi bí ìgbà tí ẹnì kan ṣí fèrèsé. Wákàtí kan lójú aago jẹ́ ọgbọ̀n dígírì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í pe iye, wọ́n ń dáhùn. Nígbà tí mo sọ fún wọn pé àwọn oníṣirò kì í bẹ̀rẹ̀ láti aago méjìlá, pé láti aago mẹ́ta ni, wọ́n á sì máa kà á padà sẹ́yìn, wọ́n bi mí pé ta ló kọ́ àwọn yẹn ní aago wíwò. Mo ní ìwé tún sọ pé ọgbọ̀n dígírì àti irínwó dígírì ó dín mẹ́wàá, ọ̀kan náà ni. Wọ́n dìde, wọ́n na apá méjèèjì, wọ́n yí po lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní ojú àwọn ò ha tún ti padà síbi tó wà. Wọ́n wá fẹ̀yìn rìn wá sórí àga, wọ́n ní ṣé ìyẹn náà wà nínú ìwé. Mo ní ó wà níbẹ̀, ìjìnnà tó ń fẹ̀yìn rìn ni. A rẹ́rìn-ín títí aránṣọ tó wà ní ilé kejì fi kan ògiri pé kí la ń jẹ tí a ò pe òun. Mo gbádùn ọjọ́ yẹn. Ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá má tètè dìde.

Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí oṣù náà pé. Ọjọ́rú ni, ọjọ́ kejì ni wọ́n máa tún dán wa wò lọ́fíìsì. Bátìrì rédíò ti kú láti ọjọ́ Ajé, mo sì ti ń sọ lójoojúmọ́ pé mo máa rà á bọ̀. Oòrùn àárọ̀ máa ń gba fèrèsé wọlé, á sì kàn wọ́n lẹ́rẹ̀kẹ́. Lánàá ọjọ́ yẹn wọ́n ti ráhùn nípa rẹ̀. Mo ń gbálẹ̀ nígbà tí wọ́n wà nílé ìwẹ̀, àánú wọn ṣe mí, mo bá yí àga náà díẹ̀ sọ́tùn-ún kí oòrùn má baà rí wọn lójú. Mi ò gbé e kúrò níbi tó wà o. Mo kàn yí i ni. Mo tún ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé sílẹ̀ kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ sí wọn. Mo mú wọn lọ́wọ́ wá jókòó, mo fún wọn ní tíì, ẹsẹ̀ mi ti wà lọ́nà iṣẹ́. Mo gbàgbé láti sọ fún wọn. Rédíò tí ì bá sọ fún wọn, kò lóhùn.

Aránṣọ ló pe ọ́fíìsì wa ní nǹkan bí aago méjìlá ọ̀sán. Bàbá dìde pé àwọn fẹ́ wọ yàrá. Ìṣísẹ̀ méje, aago méjì, wọ́n kà á pé láìdín láìlé. O mọ̀ pé ilẹ̀kùn yàrá àti ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé wà lára ògiri kan náà. Wọ́n ṣubú láti orí àtẹ̀gùn mẹ́ta tó bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, ọrùn ọwọ́ ọ̀tún wọn sì dá. Ọwọ́ tí wọ́n fi ń di ayùn mú.

Orí bẹ́ǹṣì ọsibítù, nígbà tí àwọn dókítà ń bá Bàbá di ọwọ́ náà nínú yàrá, ni pólà ti yé mi tán. Mi ò ronú sí i, ọwọ́ mi kàn mú bíírò, mo ń kọ ọ́ sẹ́yìn káàdì tí wọ́n fún wa. Mo yí àga ní wákàtí kan lójú aago, ọgbọ̀n dígírì. Ibi omi jẹ́ ìṣísẹ̀ mẹ́rin, nítorí náà níbẹ̀ wọ́n máa fi ìṣísẹ̀ méjì ṣìnà. Ilẹ̀kùn jẹ́ ìṣísẹ̀ méje, níbẹ̀ wọ́n máa fi mẹ́ta ààbọ̀ àti díẹ̀ ṣìnà. Igun kan náà, àmọ́ bí o bá ṣe jìnnà sí òpó tó ni àṣìṣe náà ń fẹ̀ sí i. Láti ilẹ̀kùn yàrá dé ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé, mo wọ̀n ọ́n nígbà tí mo délé: ìṣísẹ̀ mẹ́ta ààbọ̀ àti díẹ̀. Kí a tó délé ni Bàbá ti ń sọ fún mi nínú ọkọ̀ pé láàárọ̀ ọjọ́ náà, àwọn lọ mu omi, àwọn ò bá a níbi tó wà, pé àwọn fọwọ́ wá a kiri lára ògiri fèrèsé kí àwọn tó rí i. Wọ́n ní ẹsẹ̀ àwọn kọ́ ló ń ṣe àwọn. Wọ́n ní orí àwọn ti ń lọ.

Ibi tó burú jù nìyí. Nígbà tí mo wọlé, kí n tó bọ́ bàtà, mo lọ yí àga náà padà sójú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ń bọ̀ lọ́nà, ọwọ́ mi sì yá ju ọkàn mi lọ. Nígbà tí Ẹ̀gbọ́n dé, gbogbo nǹkan wà létòlétò, àfi Bàbá tó jókòó, tí wọ́n ń sọ fún un pé òun ló jàre, pé àwọn ti gbàgbé ilé tí àwọn fọwọ́ ara àwọn kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Mo dúró síbẹ̀ bí òpó iná. Mi ò jẹ́wọ́.

Ní ọjọ́ kejì mo lọ dáhùn ìbéèrè wọn. Òkúta ààlà méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan jìnnà sí ẹ̀rọ ní àádọ́rin mítà, ọgbọ̀n dígírì ló wà láàrin wọn, báwo ni ọ̀kan ṣe jìnnà sí èkejì. Mítà mẹ́rìndínlógójì àti díẹ̀, mo kọ ọ́ kí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tó ka ìbéèrè tán. Nígbà tí Ọ̀gá ka èsì lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n ní Òpó-Iná ló gba ipò kìíní. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ sunkún.

Ọjọ́ Àìkú, ara mi ò gbà á mọ́. Mo kúnlẹ̀ níwájú Bàbá, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, oòrùn, àga, ilẹ̀kùn, bátìrì. Mo ka ìṣirò náà fún wọn bí a ti ń kà á lọ́jọ́ ẹ̀rín yẹn. Wọ́n gbọ́ mi tán. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ òsì tó kù fún wọn kan ẹsẹ̀ àga lọ́kọ̀ọ̀kan. O mọ̀ pé àga yẹn ti pẹ́ níbẹ̀ débi pé ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti gbẹ́ ojú sílẹ̀. Wọ́n ní ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà lójú wọn. Mo ní èmi ni mo dá a padà. Mo ní ṣé wọn ò rí i pé oòrùn ò kan ojú wọn lọ́jọ́ yẹn ni. Wọ́n ní ìkùukùu ló bò ó. Wọ́n fọwọ́ pa mí lórí, wọ́n ní àwọn dúpẹ́, pé ọmọ tó lè parọ́ burúkú mọ́ ara rẹ̀ kí bàbá rẹ̀ má baà rò pé orí òun ń dàrú, ọmọ gidi ni.

Òótọ́ ni mo sọ, òótọ́ náà ló di irọ́ lẹ́nu mi. Mo lọ bá Ẹ̀gbọ́n, mo sọ fún un náà. Ó ní tó bá jẹ́ irọ́, kí n jáwọ́. Tó bá sì jẹ́ òótọ́, ìyẹn gan-an fi hàn pé Bàbá ò lè wà lọ́wọ́ mi. Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀ yìí ló máa wá kó wọn. Mo ní kí ó jọ̀ọ́ kó gbé àga pẹ̀lú wọn. Ó ní àyè ò sí fún un nínú ọkọ̀, àti pé kí ni Bàbá fẹ́ fi ṣe, nígbà tó jẹ́ pé wọn ò ní máa dá rìn mọ́. Mo ti ra bátìrì báyìí, mẹ́fà. Rédíò ń sọ̀rọ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń fi mọ ọ̀nà.

Ohun tí mo fẹ́ tọrọ nìyí. Jọ̀wọ́, wá lọ́jọ́ Ẹtì. Bàbá gbà ọ́ gbọ́. Láti ọjọ́ tí o ti wà ní kékeré, tí o fẹnu ara rẹ jẹ́wọ́ pé ìwọ lo ṣẹ́ rúlà wọn nígbà tí ẹnikẹ́ni ò rí ọ, wọ́n ti ń sọ pé Bíírò ò lè parọ́. Wá fi ẹnu rẹ sọ fún wọn pé bí àga bá fi wákàtí kan yí, ìṣísẹ̀ méje á fi mẹ́ta ààbọ̀ ṣìnà, pé orí wọn pé, pé iye ìṣísẹ̀ tí wọ́n kà ò ní àbùkù. Bóyá wọ́n á dìde kí Ẹ̀gbọ́n tó dé, kó sì rí wọn lórí ìrìn. Bóyá wọn ò sì ní dìde. Mi ò mọ̀. Ìgbà tí mi ò mọ ìṣirò, mo rò pé ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á mọ ohun tó kàn.

Mo ní láti dúró díẹ̀ níbí, wọ́n ń pè mí.

Mo ti padà dé. Yàrá ni wọ́n fẹ́ wọ̀. Mo ní, Bàbá, ìṣísẹ̀ méje, aago méjì, mo wà lẹ́yìn yín gbágbáágbá. Wọ́n dìde, wọ́n kọjú sí rédíò, wọ́n dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá na ọwọ́ òsì sí mi, pé kí n wá mú àwọn lọ.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o sì kí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Sọ fún àbíkẹ́yìn pé kó yọ ìwé lábẹ́ ìrọ̀rí. Aránṣọ ní kí n kí ọ, ó ní búláòsì rẹ ti wà nílẹ̀. Tí o bá wọlé lọ́jọ́ Ẹtì, tí o sì rí àga náà, jọ̀ọ́, má fọwọ́ kàn án.

Mo ṣì jẹ́ tìrẹ, bí mo ṣe wà yìí,

Ọmọ Káfíńtà.